Ìṣirò Ọ̀sán ní Darkuman

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé, ìṣirò nìkan ló bá Raqeebah ṣọ̀tá. Ó mọ̀wé kà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, kò sì sí ohun tí tíṣà sáyẹ́ǹsì kọ́ ọ tí kò yé e. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ti lè wọ àárín nọ́ńbà báyìí, tí wọ́n ní kó wá iye tí ẹ́kìsì jẹ́, ojú rẹ̀ á ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe ìdánwò àṣejáde girama, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìṣirò fà á sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti ń wù ú láti kékeré, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í sì í gba ẹni tí kò yege ìṣirò.

Mamobi, ní Accra, ni wọ́n bí i sí, ní ojúlé kan tó fara kan ilé kéwú, níbi tí ohùn àwọn ọmọ tó ń ka Kùránì ti máa ń jí i láàárọ̀. Fatawu bàbá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Accra, ń ta àgádágodo àti ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Nínú ilé wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń kíni, òun náà ni wọ́n fi ń báni wí. Ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n ń sọ lójúde, Twi lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Nítorí náà, Raqeebah gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ, tó bá sì fẹ́ ka nǹkan tó ju mẹ́wàá lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi kà á.

Nígbà tó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé ilé Tíṣà Tòkunbọ̀ ní Darkuman.

Tíṣà Tòkunbọ̀ ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Accra ni wọ́n bí òun náà sí, ṣùgbọ́n lọ́dún tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì máa lọ, nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn òbí rẹ̀ mú un padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ẹbí tí wọn kò rí i rí ló ń pè é ní Tòkunbọ̀ níbẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó gbé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó ń bá a lọ sóko. Nígbà tó di géńdé, ó tún padà wá sí Accra, ó gba iṣẹ́ tíṣà, ó sì fẹ́ Àgbékẹ́, tó ń ta aṣọ ní Adabraka. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Lọ́pẹ́, wà ní Kumasi pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Àìsàn náà mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ omi?" Raqeebah á bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Á gbé omi wá, Bàbá á fi ọwọ́ òsì tì í sẹ́yìn.

"Àbí ẹ ò fẹ́ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," omi á sì lé ròrò sí ojú Bàbá, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Fatawu kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sinmi. Kíláàsì kan wà ní Kaneshie lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn àgbà tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe.

"Lọ forúkọ sílẹ̀," ni Fatawu wí.

"Bàbá mi, orí mi ò gba ìṣirò."

"Orí tó gba Kùránì, òun ni kò ní gba ẹ́kìsì?"

Raqeebah rẹ́rìn-ín, ó forúkọ sílẹ̀. Báyìí ló ṣe di ẹni tó ń gbé iṣẹ́ àmúrelé bọ àpò lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti fún Bàbá ní bánkù jẹ tó sì ti nù ún lẹ́nu, ó rò pé ó ti sùn lọ lórí àga. Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ìbéèrè náà sọ pé: mo mú nọ́ńbà kan, mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mo yọ márùn-ún kúrò, ó wá ku mọ́kànlá, kí ni nọ́ńbà náà? Ó kọ ọ́ sílẹ̀: 2x − 5 = 11. Ó yọ márùn-ún kúrò lára mọ́kànlá, ó kọ mẹ́fà. Ó ní ẹ́kìsì jẹ́ mẹ́ta.

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Raqeebah ta gìrì. Bàbá kò sùn. Ìwé ló tẹjú mọ́.

"Mo gbà á, àbí, Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!" Ṣùgbọ́n ó ń mi orí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì lu tábìlì.

Raqeebah wo ẹnu rẹ̀, ó wo orí rẹ̀, ó wá yé e pé orí ni kí òun gbà gbọ́. Ó rọra sún ìwé àti pẹ́ńsùlù sí i. Bàbá fi ọwọ́ òsì dì í mú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì kọ ọ́ gbàgàdà-gbagada: mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà. Ó yọ márùn-ún. Ó ku ọ̀kan. Ó fa òbìrí yí ọ̀kan náà ká, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí mọ́kànlá tó wà lókè.

"Ah!" Raqeebah ní. "Wọ́n ní kó jẹ́ mọ́kànlá, tèmi jẹ́ ọ̀kan péré."

Bàbá kọ àmì àròpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún, ó kọ ọ́ sí apá òsì, ó sì kọ ọ́ sí apá ọ̀tún. Raqeebah ro ó pọ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kà á lábẹ́ ẹnu, ó pín in sí méjì. Mẹ́jọ. Ó dán an wò bí Bàbá ṣe dán an wò. Ó bọ́ sí i! Nígbà tó gbójú sókè, apá kan ojú Bàbá ti rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti ń tọ́jú rẹ̀, kò tíì rí ẹ̀rín lójú yẹn rí.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó ti ìwé lọ́sàn-án. Ohun tó yé Raqeebah yé e, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí àmì àyọkúrò ti dúró níwájú akámọ́, ọ̀rọ̀ wó lulẹ̀. Bàbá mọ àṣìṣe rẹ̀. Ó kọ èyí tó tọ́, Raqeebah bèèrè pé, "Kí ló dé tí àmì yẹn fi yí padà, Bàbá?" Ìbéèrè tó ti ń dáhùn fún àwọn ọmọ láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Ó ya ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni... bẹ́ẹ̀ ni..." Òógùn bò ó, ó ju pẹ́ńsùlù mọ́ ògiri, ó bú sẹ́kún.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá Àgbékẹ́ wọlé. Ọjà kò tà, ó sì tètè ti ilé ìtajà.

"Raqeebah! Kí lo fi ọkọ mi ṣe?"

"Màmá, *mepa wo kyɛw*, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àmúrelé mi ni Bàbá ń bá mi—"

"Iṣẹ́ àmúrelé? Ẹni tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ru, òun lo jókòó tì pẹ̀lú ìṣirò? Ṣé kó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lo fẹ́ ni?"

Raqeebah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá Àgbékẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ti sọ ọ́ di ẹni tí ń jágbe. Ó nu òógùn ojú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ní, "Mi ò fẹ́ rí ìwé yẹn nínú ilé yìí mọ́."

Raqeebah gbọ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó ń wẹ Bàbá, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fún un lóògùn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, Bàbá á wo àpò rẹ̀, á wò ó lójú, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni?" pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Raqeebah á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó yá, Bàbá kò wò ó mọ́, ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, ìdajì ló ń jẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí ọjọ́ ilé ìwòsàn pé. Raqeebah àti Àgbékẹ́ ló gbé e lọ. Obìnrin ẹ̀yà Ga kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ran àwọn tó pàdánù ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó jókòó síwájú Bàbá, ó ní kí wọ́n jọ ka nọ́ńbà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá ya ẹnu, kò sí nǹkan kan. Ó fi Twi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà, kò sí nǹkan kan.

"Èdè wo ló kọ́kọ́ sọ láyé?" ló bi wọ́n.

"Yorùbá," ni Àgbékẹ́ dáhùn.

"Ẹ bá mi fi kà á fún un."

Àgbékẹ́ fẹ́ kà á, ẹkún mú un, ó fi ìborùn bojú. Raqeebah ló gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ení, èjì, ẹ̀ta..."

"Ẹ̀rin," ni Bàbá wí.

Àgbékẹ́ gbójú sókè.

"Àrún," ni Bàbá ń bá a lọ. "Ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá." Raqeebah rò pé á dúró níbẹ̀, kò dúró. "Oókànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá, ẹ̀ẹ́dógún." Àgbékẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Raqeebah kò lè bá a kà mọ́, nítorí òun alára kò mọ ohun tó kàn. "Ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún, èjìdínlógún, oókàndínlógún, ogún!"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Lọ́tẹ̀ yìí, orí àti ẹnu jọ sọ ohun kan náà.

Obìnrin náà ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí ènìyàn kọ́ ní àkọ́sórí láti kékeré, àìsàn yìí a máa fi í sílẹ̀ nígbà mìíràn, èèyàn sì lè gba ibẹ̀ wọlé lọ bá ìyókù. Ó wá bèèrè pé, "Kí ló fẹ́ràn láti máa ṣe?"

Àgbékẹ́ wo ọkọ rẹ̀. "Ìṣirò," ló wí. "Ìṣirò ló fẹ́ràn, èmi ni mo sì kó o kúrò níwájú rẹ̀."

"Ẹ kó o padà. Ẹ máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sinmi tó bá rẹ̀ ẹ́. Tó bá bínú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ni."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Raqeebah dé, pátákó tuntun kan ti wà lára ògiri, ṣọ́ọ̀kì sì wà lórí tábìlì. Àgbékẹ́ dì í lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, má bínú sí mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Màmá, kò tó nǹkan. Ọkọ yín ni."

"Ìwé rẹ dà?"

"Ó wà nínú àpò."

"Gbé e jáde," ni Àgbékẹ́ wí, ó sì gba Adabraka lọ.

Ìgbà yìí wá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá á kà, Raqeebah á tẹ̀ lé e. Tí Raqeebah bá ṣì í, Bàbá á rẹ́rìn-ín, á tún un kà. Nígbà tó dé ẹ̀rìndínlógún, Raqeebah dúró. Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré lẹ́nu bàbá rẹ̀, kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Bàbá fa ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 20 − 4 sára pátákó. Ó ka àádọ́ta, ó kọ ọ́: 20 × 3, ó yọ mẹ́wàá kúrò. Ó ka ẹ̀rìndínláàádọ́ta, ó tún yọ mẹ́rin kúrò lára ìyẹn.

Raqeebah la ẹnu sílẹ̀. "Bàbá, ṣé gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ń ka àgádágodo wọn, irú ìṣirò yìí ni wọ́n ń ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Wọ́n padà sórí akámọ́ tó dá ìjà sílẹ̀. Bàbá kọ 20 − (20 − 4), ó na ṣọ́ọ̀kì sí Raqeebah. Raqeebah ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é, ó yọ ogún, ó yọ mẹ́rin, ó ní ó jẹ́ òdo ó dín mẹ́rin. Bàbá mi orí. Ó ń mú ọ̀rọ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn.

"Ogún," ló wí. "Yọ... ẹ̀rìndínlógún." Ó dúró. "Ó... ku?"

Raqeebah fi ìka kà á. "Ó ku mẹ́rin." Ó wo pátákó. "Kì í ṣe pé ó dín mẹ́rin. Mẹ́rin ló kù." Ó dìde dúró. "Ẹ̀rìndínlógún kò pé ogún. Tí mo bá yọ ogún odindi, mo ti yọ ọ́ jù, mo gbọ́dọ̀ dá mẹ́rin padà! Ìdí tí àmì yẹn fi ń yí padà nìyẹn!"

"Dá a... padà," ni Bàbá wí.

Raqeebah lọ sẹ́yìn ilé, ó sunkún díẹ̀ kó tó padà wọlé. Ohun tó ti ń dè é mọ́lẹ̀ láti ilé ìwé girama ni aláìsàn yìí fi ọ̀rọ̀ péréte tú.

Ọ̀rọ̀ Bàbá náà ń pọ̀ sí i. Èyí tó jẹ mọ́ ìṣirò ló ṣáájú: lé, dín, pín, yọ, ó ku. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àgbékẹ́ gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó sì sọ ṣíbí kalẹ̀.

"Àgbékẹ́," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ó ku... iyọ̀."

Àgbékẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Lọ́pẹ́, ẹ máa bá mi wí! Ẹ bá mi wí lórí iyọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́!" Ó pe Lọ́pẹ́ ní Kumasi lórí fóònù, ó ní kí Bàbá tún un sọ. Bàbá tún un sọ.

Ìwé Raqeebah kúrò lórí álíjẹ́bírà, ó bọ́ sórí ìwà àwọn nọ́ńbà. Wọ́n ní kó fi hàn pé nọ́ńbà méjì tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tí a bá rò wọ́n pọ̀, á di èyí tó ṣeé pín. Raqeebah ní òun mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn, mẹ́ta àti márùn-ún jẹ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa fi hàn fún gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé? Bàbá tọ́ka sí bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Raqeebah kó wọn wá. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ to bàtà ní méjì-méjì, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun. Ó to òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó wá fi ọ̀pá ti ẹyọ kan lọ bá ẹyọ kejì. Kò sọ nǹkan kan. Raqeebah wo sálúbàtà tirẹ̀ àti bàtà aláwọ Bàbá tí wọ́n dúró ti ara wọn bíi tọkọtaya, ó ní kò sí ìwé kankan tó lè là á yé òun tó bẹ́ẹ̀.

Ó ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí èsì jáde, ó wò ó lórí fóònù ní ẹnu ọ̀nà ilé kéwú, ó wọ bọ́ọ̀sì trótrò, ó sì sáré wọ ilé Darkuman láìbọ́ bàtà.

"Bàbá, mo yege!"

"Mélòó?"

"B3, Bàbá."

Bàbá ronú. A1 ló ga jù. "Ó ku méjì," ló wí, Àgbékẹ́ sì fi ìborùn nà án lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé Raqeebah lórí. Ó wá ọ̀rọ̀ títí. "O ṣé," ló wí. "O ṣé, ọmọ mi."

"Bàbá, èmi ni mo yẹ kí n dúpẹ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fatawu wá láti Mamobi láti dúpẹ́. Wáàkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ sè pọ̀, àti àgádágodo tuntun kan ló mú dání, èyí tó dára jù nínú ọjà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Tíṣà, ẹ tún ọmọ mi ṣe. Ọlọ́run á tún tiyín ṣe."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni Àgbékẹ́ ń wí. "Ọmọ yín ló dá ọkọ mi padà fún mi. Àwa ló yẹ ká wá bá yín ní Mamobi."

"A ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Tiwa ló pọ̀ jù."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oúnjẹ fi fẹ́ẹ̀ tutù, wọ́n wá gbà pé kí gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí wọ́n sì jẹun.

Raqeebah ti wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá kò padà sípò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣì máa ń pe ife ní ìlẹ̀kùn nígbà mìíràn, inú a sì máa bí i. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀pá rìn dé géètì láàárọ̀ láti kí àwọn tó ń kọjá, orúkọ wọn sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Tí Raqeebah bá wá sílé fún ìsinmi, Darkuman ló ń kọ́kọ́ yà sí kó tó dé Mamobi. Á bá Màmá Àgbékẹ́ gé ẹ̀fọ́, á wo ẹ̀jẹ̀ Bàbá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó mú wá, á ní ó dára. Bàbá á bi í pé iye wo ló jẹ́ gan-an, àwọn méjèèjì á sì jọ kà á ní Yorùbá.